Pápá Bàálù Ìdó-Ọ̀ṣun àti Ẹ́ńjìnnì Tó Kú Lókè

Ọdún 1936 ni ìjọba amúnisìn la pápá bàálù sí Ìdó-Ọ̀ṣun, lẹ́bàá Òṣogbo, níbi tí kò jìnnà sí Awo, Ara àti Èjìgbò. Ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ Imperial Airways bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàálù kó lẹ́tà láti Khartoum wá sí Kánò, kó tó fa ọ̀nà náà dé Èkó gba Kàdúná, Mínnà àti Òṣogbo. Bàálù DH.86 tí wọ́n ń lò ní ẹ́ńjìnnì mẹ́rin, síbẹ̀ wọn ò fẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣeé balẹ̀ sí jìnnà síra wọn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ẹ́ńjìnnì lè kú lókè, ẹ̀rù náà sì tọ́.

Ọ̀pọ̀ bàálù tó ṣáájú DH.86 kò ní ju ẹ́ńjìnnì kan lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàálù ológun tó kọ́kọ́ balẹ̀ sí Kánò ní oṣù kọkànlá 1925 rí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Moth kékeré tí Bud Carpenter ń fò ní nǹkan bí 1931. Ojú irin ni Carpenter tẹ̀ lé láti Kánò dé Èkó, ojú irin yìí kan náà tó ti dé Òṣogbo láti 1907. Ọgbọ́n ńlá ni. Ẹni tó bá já sínú igbó kìjikìji lè má rí olùgbàlà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá balẹ̀ lẹ́bàá ojú irin kò ní pẹ́ rí èèyàn.

Bàálù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú kì í já bọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ ṣì ń gbé e. Cessna 172 tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 3,000 lè rìn tó kìlómítà mẹ́jọ kó tó kanlẹ̀, bí atẹ́gùn kò bá dí i lọ́wọ́. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ imú bàálù wálẹ̀ díẹ̀ kí eré rẹ̀ má bàa kú: bó bá gbé imú sókè nítorí ìbẹ̀rù, ìyẹ́ kò ní lè gbé e mọ́. Yóò wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, yóò kọjú sí atẹ́gùn, yóò wò ó bóyá epo ń lọ, yóò sì ké “Mayday” lẹ́ẹ̀mẹta lórí rédíò. Kó tó kanlẹ̀, yóò pa epo àti iná, kí bàálù má bàa gbaná, yóò sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kó má bàa há.

Ní agbègbè Èjìgbò, ilẹ̀ tó tẹ́jú kò pọ̀. Ọ̀pẹ àti igi kòkó dí ojú ilẹ̀, ebè sì lè dojú bàálù dé. Òpó iná wà lẹ́bàá títì. Nígbà ọyẹ́, eruku lè bo gbogbo rẹ̀ lójú awakọ̀. Ìdí nìyẹn tí pápá kan ṣoṣo ní Ìdó-Ọ̀ṣun fi níye lórí tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, pápá náà di ibi tí a pa tì, títí ìjọba Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gómìnà Ọ̀ṣun nígbà náà, fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú tí wọ́n fi orúkọ MKO Abíọ́lá pè síbẹ̀. Ewu bàálù kékeré kò tán. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 2023, Jabiru kan tí wọ́n ń dán wò já sí títì Ọba Akran ní Ìkẹjà, láàárín ilé àti ọkọ̀. Gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló jáde láàyè.