CMS kì í ṣe bọ́sítọ́ọ̀bù lásán: ìtàn Kàtídírà tó wà ní Marina

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodò, ní Ìkòròdú níbí, lọ sí CMS. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó jókòó tì mí bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni CMS túmọ̀ sí gan-an?" Mo ní, "Bọ́sítọ́ọ̀bù ni." Ó bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, èmi tí mò ń fi ìròyìn jẹun! Mo bá lọ wádìí ẹ̀.

Church Missionary Society ni, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè. Ẹ̀pẹ́ ló padà tẹ̀dó sí pẹ̀lú àwọn èèyàn ẹ̀. Akíntóyè gorí ìtẹ́, ó sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1852: kí òwò ẹrú dópin, kí àwọn míṣọ́nnárì sì ráyè ṣiṣẹ́. Lọ́dún yẹn náà ni CMS wọ Èkó.

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1867 ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ lélẹ̀ ní Marina. Èyí tí à ń wò lónìí kọ́ nìyẹn. Bagan Benjamin ló ya àwòrán ti ìsinsìnyí, ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì tó padà di Edward VIII ló sì fi òkúta ẹ̀ lélẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 1925. Ọdún 1946 ni iṣẹ́ tó parí. Ọdún mọ́kànlélógún! Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀, ó sì parí, kí ilé náà tó parí.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Orí fèrèsé ẹ̀ ṣe ṣónṣó, kò rí roboto. Gothic ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Faransé ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí iná jó Kàtídírà Canterbury ní England lọ́dún 1174, ará Faransé kan, William of Sens, ni wọ́n gbé àtúnkọ́ ẹ̀ fún. Ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀ ni pé orí ṣónṣó yẹn máa ń darí ẹrù òrùlé sórí òpó, òpó á sì gbé e lọ sílẹ̀. Ògiri ò ní ẹrù púpọ̀ mọ́, wọ́n lè wá la fèrèsé gàgàrà sí i kí ìmọ́lẹ̀ wọlé.

Canterbury yẹn náà ni wọ́n ti fi Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoogùn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́dún 1821, jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà. Yorùbá tí mò ń kọ sílẹ̀ yìí, ọwọ́ ẹ̀ wà ńbẹ̀. Ó kú ní Èkó lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891, wọ́n sì sin ín sí ìtẹ́ òkú Ajélẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1970 sí 1979, ìjọba ológun wó ìtẹ́ òkú náà. Kàtídírà Marina ni ibojì ìrántí ẹ̀ wà báyìí.

Ibi tó ń dùn mí nìyẹn. Bí wọ́n bá lè wó ibi tí wọ́n sin Àjàyí sí, kí ni wọn ò lè wó? Ilọ́jọ̀ Bar ní Tinúbú, ilé tí ìjọba fúnra ẹ̀ kà sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1956, wọ́n wó o palẹ̀ ní 2016. Ilé àtijọ́ ṣì wà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ o. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè ẹni tó kọ́ wọn, ẹ ya fọ́tò wọn, nítorí ilé tí a ò mọ ìtàn ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá a wíjọ́ lọ́jọ́ tí katapílà bá dé.

Tí ẹ bá tún sọ̀ ní CMS, ẹ má kàn sáré wá bọ́ọ̀sì. Ẹ gbójú sókè díẹ̀. Ní tèmi, bí mo bá tún pàdé ọmọ yẹn nínú ọkọ̀, mo ti ní ìdáhùn.