Àwọn Ọ̀dọ́ Tó Fi Kọ̀ǹpútà Ilé Dárà

Ní ọdún 1982, ilé-iṣẹ́ Commodore gbé kọ̀ǹpútà kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní Commodore 64. Dọ́là 595 ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà á. Bí ẹni tó rà á bá so ó mọ́ tẹlifíṣàn ilé rẹ̀, tó sì tan án, ojú àwòrán aláwọ̀ búlúù ni yóò rí, pẹ̀lú ìkéde kan pé báìtì 38911 ló ṣẹ́ kù fún un láti lò, àti igun mẹ́rin kékeré kan tó ń ṣẹ́jú. Ó tán. Kò sí àwòrán tí èèyàn fẹ́ tẹ̀, kò sí ìpolówó ọjà kankan. Ẹ̀rọ náà jókòó, ó ń retí kí olówó rẹ̀ kọ nǹkan.

Àwa tó jẹ́ pé ìdí fóònù la ti mọ kọ̀ǹpútà, ó ṣe wá ní kàyééfì nígbà tí a fi VICE, ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń sín ẹ̀rọ àtijọ́ náà jẹ, tan án lórí láptọ́ọ̀pù wa. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ pinpin ìtàn yìí nìyẹn. Ìtàn kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ wa kà, ìtàn àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ni: Gates ṣe báyìí, Jobs ṣe bọ́hùn-ún. Àwọn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn níbí kò ní ilé-iṣẹ́. Púpọ̀ nínú wọn kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Wọn kò ta ohun tí wọ́n ṣe, ohun tí wọ́n sì ṣe kò wúlò fún iṣẹ́ ọ́fíìsì kankan: àwọn ètò kéékèèké tó ń mú kí ojú tẹlifíṣàn dárà ni.

Ohun tó rọrùn jù lọ ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ POKE 53280,0 sórí Commodore 64, kí ẹ tẹ bọ́tìnì RETURN. Ìgbátí tó yí àwòrán ká yóò di dúdú lójú ẹsẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà yẹn sí nọ́ńbà ojúlé ní àdúgbò kan tó ní ilé 65536. Nínú ọ̀pọ̀ ojúlé, nǹkan lásán lèèyàn ń kó sí. Ṣùgbọ́n ojúlé 53280 ni ṣíìpù àwòrán tó ń jẹ́ VIC-II ti ń wo irú àwọ̀ tí ìgbátí gbọ́dọ̀ jẹ́. Àwọ̀ 16 ló wà nínú rẹ̀ láti yàn. Ìwé ìtọ́ni tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà pàápàá ní ètò kúkurú kan nínú tó ń yàn láàárín ìlà dídagun méjì láìtò, tí ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ yóò fi kún ojú àwòrán. Ọmọwé mẹ́wàá ni wọ́n pawọ́ pọ̀ kọ odidi ìwé lórí irú ètò oníìlà kan yìí ní 2012. A ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ti kọ ìwé tó tó bẹ́ẹ̀ lórí òwe kan ṣoṣo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn gan-an ni ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti rí i pé àkókò pàápàá ṣeé fi ya àwòrán.

Tẹlifíṣàn ìgbà náà kì í ya àwòrán lẹ́ẹ̀kan. Ìtànṣán kan ló ń gba ẹ̀yìn gíláàsì rẹ̀ lọ láti òsì sí ọ̀tún, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, láti òkè títí dé ìsàlẹ̀. Bó bá dé ìsàlẹ̀, á tún padà sókè. Ní Yúróòpù, ìgbà 50 ló ń ṣe èyí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlà 312 ló wà nínú àwòrán kan tí Commodore 64 ti Yúróòpù ń rán jáde, ìṣísẹ̀ 63 péré ni ọpọlọ ẹ̀rọ náà sì ní fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀, ìṣísẹ̀ 19656 ni fún odidi àwòrán. Àṣẹ tó kéré jù lọ ń gba ìṣísẹ̀ 2. Láti gbé àwọ̀ tuntun sí ojúlé 53280, ìṣísẹ̀ 4.

Ẹ wá fojú inú wò ó pé ìtànṣán náà ti dé ìlà 100, ẹ sì yí ìgbátí padà láti dúdú sí pupa ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Ohun tó ti yà kọjá yóò wà ní dúdú. Ohun tó kù nísàlẹ̀ yóò di pupa. Bí ẹ bá wá ń yí i padà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, láti búlúù tó ṣókùnkùn sí búlúù tó mọ́, sí funfun, kí ẹ tún padà bí ẹ ṣe wá, ọ̀pá irin tó ń dán gbinrin ni ojú yóò rí, bí ẹni pé iná ń tàn sí i lára. Kò sí ọ̀pá kankan nínú ẹ̀rọ náà o. Kò sí àwòrán ọ̀pá tí a tọ́jú síbì kan. Ẹnì kan kàn ń yí àwọ̀ padà lásìkò tó bá ìtànṣán mu ni.

Láti mú kí ọ̀pá náà máa lọ sókè sódò jẹ́jẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi, a nílò ìṣírò sine. Ọpọlọ 6510 tó wà nínú ẹ̀rọ náà kò mọ ìsọdipúpọ̀ rárá; àròpọ̀ àti àyọkúrò ló mọ̀. Nítorí náà, wọ́n á ti ṣírò nọ́ńbà 256 sílẹ̀, wọ́n á tò wọ́n sínú tábìlì, ètò náà á sì máa mú ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn bí ìgbà tí alásè bá ti gé àlùbọ́sà sílẹ̀ kí iná tó mú. Wàhálà mìíràn tún wà: ní ìlà mẹ́jọ mẹ́jọ lágbègbè àwòrán, VIC-II á gba ọ̀nà mọ́ ọpọlọ ẹ̀rọ lọ́wọ́ fún ìṣísẹ̀ tó lé ní 40, kó lè lọ kó àwọn lẹ́tà tó fẹ́ gbé jáde. Ìṣísẹ̀ bíi ogún ni yóò ṣẹ́ kù nínú 63. Ẹni tí kò bá ka èyí mọ́ ìṣírò rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ á ya bí aṣọ gbígbó.

Orí ìgbátí yẹn náà ni wọ́n ti dá àrà tó wù wá jù. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kò pinnu pé kí àwòrán wà lórí ìgbátí láéláé. Ṣùgbọ́n ṣíìpù náà lè gbé ìlà ọ̀rọ̀ 25 tàbí 24 jáde. Bó bá jẹ́ 25, ìlà 251 ló ti ń wò ó bóyá àkókò tó láti bẹ̀rẹ̀ ìgbátí ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ 24, ìlà 247 ni. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n dúró de ìtànṣán kó kọjá ìlà 247 nígbà tí ẹ̀rọ ṣì gbà pé 25 ni. Lẹ́yìn náà, kó tó dé 251, wọ́n yí i padà sí 24. Ṣíìpù náà á máa retí ìlà 247 tó ti kọjá lọ. Kò ní rántí ti ìgbátí mọ́, ibẹ̀ á sì ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí àwọn ère kéékèèké tí wọ́n ń pè ní sprite yóò fi lè rìn wọ ibẹ̀. Ti apá òsì àti ọ̀tún tún le jù: ìlà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní láti tan ṣíìpù náà jẹ, ní ìṣísẹ̀ kan pàtó, láìgbọdọ̀ ṣìṣe. Àwọn ọmọ Netherlands kan tí wọ́n ń jẹ́ 1001 Crew wà lára àwọn tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí láàárín ọdún 1980 sí 1990. Ẹ kò ní rí i nínú ìwé ìtọ́ni kankan. Ìjàpá ni wọ́n fi ṣe.

Sinclair ZX Spectrum, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde lọ́dún 1982 kan náà ní pọ́n-ùn 125, kò ní sprite, àpótí kékeré kọ̀ọ̀kan lójú àwòrán rẹ̀ kò sì lè gba ju àwọ̀ méjì lọ. Òun náà ní àwọn olólùfẹ́ tirẹ̀, wọn ò sì gbà pé ti Commodore dára jù títí dòní.

Níbo ni gbogbo èyí ti bẹ̀rẹ̀? A ò ní fi bò: ìdí olè ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ta eré kọ̀ǹpútà máa ń fi àgádágodo ti dísíkì wọn kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń já àgádágodo yìí, wọ́n sì ń pín eré náà kiri. Wọ́n fẹ́ kí a mọ̀ pé àwọn ni, nítorí náà wọ́n ń so ètò kúkurú mọ́ iwájú eré náà: orúkọ ẹgbẹ́ wọn ní lẹ́tà gàdàgbà, orin, ọ̀pá aláwọ̀, àti ọ̀rọ̀ tó ń fà kọjá nísàlẹ̀. Nígbà tó yá, ètò iwájú yìí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ju eré lọ. Àwọn kan fi eré sílẹ̀ pátápátá, wọ́n ń ṣe èyí nìkan, wọ́n sì pè é ní demo.

Nínú ọ̀rọ̀ tó ń fà kọjá yẹn, ìkíni ló pọ̀ jù: a kí ẹgbẹ́ tibí, a kí ẹgbẹ́ tọ̀hún, ẹgbẹ́ báyìí kò tó nǹkan. Ẹni tó bá ti gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù fújì rí mọ ohun tí à ń sọ. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n fi ń kó dísíkì ránṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Àwọn mìíràn ń fi gọ́ọ̀mù kun ojú sítáǹbù kí òǹtẹ̀ lè ṣeé nù kúrò, kí ẹni tó gbà á lè dá a padà láti tún lò ó.

Amiga dé ní 1985. Ọdún kan ṣáájú, ní oṣù kìíní 1984, wọ́n ti fi bọ́ọ̀lù aláwọ̀ pupa àti funfun kan tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún han àwọn èèyàn ní Las Vegas. Bọ́ọ̀lù náà ń yí lójú, ṣùgbọ́n àwọ̀ ni wọ́n kàn ń pààrọ̀ ààyè rẹ̀. Kò sí ohun tó ń yí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àpéjọ ńlá ńlá bẹ̀rẹ̀: The Party ní Denmark láti 1991, Assembly ní Finland láti 1992. Ní The Party 1992 ni State of the Art ti ẹgbẹ́ Spaceballs láti Norway gba ipò kìíní, pẹ̀lú òjìji àwọn oníjó tó ń jó. Ó tó kí ẹ wá a wò.

Kì í ṣe pé wọ́n ń lépa ńlá nìkan. Ìdíje tún wà fún ẹni tó lè fi báìtì tó kéré jù ṣe nǹkan. Ní 2017, ní Revision, àpéjọ Ọdún Àjíǹde tó máa ń wáyé ní Saarbrücken ní Jámánì, ọmọ Sweden kan, Linus Åkesson, gbé A Mind Is Born kalẹ̀ fún Commodore 64. Orin àti àwòrán rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ báìtì 256. Àwa tí à ń kọ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà lè mọ bí ìyẹn ti kéré tó: lẹ́tà «ọ̀» kan ṣoṣo gba báìtì 5 ní ìlànà UTF-8 tí gbogbo wa ń lò. «Ọ̀» 51, báìtì 255. Ó ku ọ̀kan. (Commodore 64 kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ rárá, ṣùgbọ́n ó gbà kí èèyàn tún lẹ́tà rẹ̀ yà fúnra rẹ̀, báìtì 8 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. A yà wọ́n. Ṣ ló yọ wá lẹ́nu jù.) Àwọn tó ń retí kí a sọ̀rọ̀ odù 256, bẹ́ẹ̀ ni, ìṣírò kan náà ni: ààyè mẹ́jọ, ọ̀nà méjì ní ààyè kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ìyẹn lọ sọ pé babaláwo ló ṣe kọ̀ǹpútà.

Ibi tí Ifá ti bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé lóòótọ́ wà lọ́nà mìíràn. Ní 2003, UNESCO ṣe àdéhùn lórí ìdáàbòbò àṣà tí kò ṣeé fọwọ́ bà. Ifá àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà lórí àkójọ rẹ̀ láti 2008. Lábẹ́ àdéhùn kan náà ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe àkójọ tirẹ̀ nílé. Ní oṣù kẹrin 2020, Finland fi demo síṣe sí tirẹ̀. Jámánì àti Poland tẹ̀ lé e ní 2021.

Àwa tí a kọ àpilẹ̀kọ yìí kò fẹnu kò lórí èyí. Àwọn kan nínú wa ní ohun tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tó sì ti ìdí jíjá àgádágodo wá, kò yẹ kó bá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jókòó. Àwọn tó kù ní kí ni àṣà, bí kò bá ṣe ohun tí ọmọdé kọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ láìlọ sí iléèwé, tó ní ìbà àti ìkíni tirẹ̀, tó sì ní òfin tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀? Ohun tí a jọ gbà ni pé iṣẹ́ náà ń ṣòfò. Agbára òòfà tó gbé ọ̀rọ̀ sórí dísíkì ń ṣá. Tẹlifíṣàn onítànṣán ti kúrò lọ́jà, àwọ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tò kó lè yọ́ sínú ara wọn lórí gíláàsì rẹ̀ sì ń jáde gánrangánran lórí láptọ́ọ̀pù. Orúkọ ìnagijẹ ni gbogbo wọn ń lò, ó sì nídìí, nítorí ọlọ́pàá. Ìkànnì CSDb ló ń gbìyànjú láti so iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹni tó ṣe é. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 16 ní 1986 ti lé ní 50 báyìí. Ó ṣì ṣeé bi léèrè bó ṣe ṣí ìgbátí ọ̀tún.