Láti Ìsóyà Dé Ìdí Kíláàsì: Ìfaradà Onígbàgbọ́ ní Òkèrèwè

Bí a bá ka àdúgbò ńlá márùn-ún tí a mọ Ilé-Ifẹ̀ mọ́ láti ayébáyé, Ìrẹ́mọ, Ìlódè, Mọ̀ọ́rè, Ìlàrè àti Òkèrèwè, kò sí èyí tí kò ní ojúbọ, kò sì sí èyí tí kò ní àwòrò tirẹ̀, nítorí Ifẹ̀ Oòdáyé, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, ìlú ọ̀kànlénírinwó irúnmọlẹ̀ ni, níbi tí àwọn àgbà ti ń wí pé ọjọ́ kan péré ni a kì í bọ nǹkan láàárín ọdún. Ẹni tí ó bá rò pé ìtàn ìjà ni ìtàn ìgbàgbọ́ Kristi yóò jẹ́ nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò tíì mọ ará Ifẹ̀. Ìtàn sùúrù ni, sùúrù náà sì ti wà lára wa kí ẹnikẹ́ni tó gbé Bíbélì wọ̀lú.

Ní 1849, nígbà tí ọ̀rọ̀ àwa àti Mọdákẹ́kẹ́ di ogun, ìlú tú, àwọn baba ńlá wa ṣí lọ sí Ìsóyà, wọn kò sì padà títí di 1854. Ní 1882, nígbà tí ogun Kírìjì ń gbóná lọ́wọ́, ìlú tún tú lẹ́ẹ̀kejì, ó sì di 1894 kí ọmọ Òkèrèwè tó tún fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ baba rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n sá lọ ti ń dá oko ro kí ó tó fojú rí ibi tí a sin ìwọ́ rẹ̀ sí. Àdéhùn àlàáfíà oṣù kẹfà 1886, tí Samuel Johnson àti Charles Phillips, òjíṣẹ́ Ọlọ́run méjèèjì, sáré rẹ̀ láti àgọ́ ogun kan dé èkejì, kò tètè mú wa délé. Ṣùgbọ́n ojú onílàjà ni a ti fi rí oníwàásù kí a tó gbọ́ ìwàásù rẹ̀.

Lẹ́yìn ìpadàbọ̀ yìí ni ìjọ Fílípì Mímọ́ fìdí múlẹ̀ ní Ayétòrò ní Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú ilé-ìwé tí Adésọjí Adérẹ̀mí, ẹni tí ó gorí ìtẹ́ Ọọ̀ni ní 1930, ti kàwé nígbà èwe rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ìgbàgbọ́ kò tìtorí rẹ̀ kó kúrò lágboolé. Bí ó ti ń ti kíláàsì, níbi tí ìjọ ti ń kọ́ àwọn tí ó gba ìgbàgbọ́ lẹ́kọ̀ọ́, bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ni yóò dọ̀bálẹ̀ kí àbúrò bàbá rẹ̀ tí ń bọ Ògún. Ní kíláàsì náà, ABD ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, kí a tó kan Àdúrà Olúwa, Òfin Mẹ́wàá àti Katikísìmù. Kọ́bọ̀ kan lọ́sẹ̀ ni owó kíláàsì nígbà náà, a ó sì fi àmì sí i lórí káàdì.

Ìyá àgbà kan wà lágboolé wa tí ó ti hewú kí ó tó mọ A yàtọ̀ sí B. Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ìtumọ̀ rẹ̀ ní 1884 ni ó máa ń ṣí sórí itan nídìí fìtílà, tí yóò máa fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, tí yóò sì fi igi ìgbálẹ̀ kan sí ibi tí ó bá dé. Alẹ́ mẹ́ta lè kọjá kí igi ìgbálẹ̀ yẹn tó ṣí ewé kan. Àwa ọmọdé a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ (kí Ọlọ́run dárí jì wá), òun a sì rẹ́rìn-ín, a ní díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Àwọn tí ó ṣe mí láàánú jù ni àwọn ọkùnrin olóbìnrin púpọ̀. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Lambeth ní 1888 ti pàṣẹ pé a kò gbọdọ̀ ṣe ìrìbọmi fún irú wọn, kí wọ́n máa wà lábẹ́ ẹ̀kọ́ ni. Ẹlòmíràn kò lè lé ìyá ọmọ rẹ̀ sí ìgboro, kò sì lè fi ìjọ sílẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó ń san kọ́bọ̀ rẹ̀, ó ń wo àwọn aya rẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ síbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa lójú rẹ̀, títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nígbà tí ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà ní oṣù keje 1930, tí ogunlọ́gọ̀ ń rọ́ lọ, ìròyìn rẹ̀ gba gbogbo ilẹ̀ kan, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní tèmi, iṣẹ́ ìyanu tí ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn yẹn ṣe kò kéré sí ti Iléṣà.

Ẹ̀yin ará Òkèrèwè tí ẹ jogún àpótí àwọn òbí yín, bí ẹ bá bá káàdì kíláàsì lábẹ́ aṣọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi dáná. Ẹ ka àmì tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín sílẹ̀.