Ìtàn Kan, Òpin Mẹ́ta

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1996, àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Japan jókòó síwájú tẹlifíṣàn ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Apá 26, tí í ṣe àṣekágbá anime Neon Genesis Evangelion, ni wọ́n fẹ́ wò lórí TV Tokyo. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 1995 ni wọ́n ti ń bá a bọ̀. Wọ́n ti mọ Shinji, ọmọ ọdún 14 tí bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ pè pé kó wá máa wa ẹ̀rọ ńlá kan tó dà bí ènìyàn, kó fi bá àwọn abàmì ẹ̀dá tí wọ́n ń pè ní Áńgẹ́lì jà. Wọ́n ti rí ìlú tó wó, ọ̀rẹ́ tó kú, àṣírí tó ń yọjú díẹ̀díẹ̀. Ó wá ku kí wọ́n rí ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí.

Kí ni wọ́n rí? Ọmọ náà lórí àga, iná kan tàn lé e lórí, ó ń bá ọkàn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwòrán tí kò mira. Àwòrán tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù yà tí wọn ò tíì kùn. Ìbéèrè lórí ìbéèrè: ta ni mí, kí ni mo wà fún, ṣé ẹnikẹ́ni tiẹ̀ fẹ́ràn mi? Nígbà tó yá, Shinji ní ó ṣeé ṣe kí òun náà lè fẹ́ràn ara òun. Ni gbogbo àwọn tó mọ̀ bá yí i ká, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ń kí i kú oríire lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó parí.

Ogun ńkọ́? Wọn ò sọ. Asuka ńkọ́? Misato ńkọ́? Wọn ò sọ.

Àwa tí à ń kọ èyí ò sí níbẹ̀ nígbà náà. Wọn ò tíì bí wa. Orí fóònù la ti wò ó ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwa mẹ́rin tá a jọ dọ̀bálẹ̀ sórí ẹní kan. Nígbà tí àtẹ́wọ́ yẹn dún, ṣe la pòṣé. "Kí lèyí báyìí? Ṣé bí wọ́n ṣe ń parí ìtàn nìyẹn?" Ẹnì kan péré nínú wa ni kò sọ nǹkan kan. A máa padà sórí ọ̀rọ̀ ẹni yẹn.

Kí á tó dá Hideaki Anno tó darí eré náà lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ti ń bọ̀. Ìlú Ube ni wọ́n ti bí i ní 1960. Lẹ́yìn tó parí anime Nadia ní 1991, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú un balẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síta pé ọdún mẹ́rin gbáko lòun ò fi lè ṣe nǹkan kan. Inú ipò yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ Evangelion ní ilé iṣẹ́ Gainax.

Ara ìlú rẹ̀ náà ò sì le. Ọrọ̀ ajé Japan ti dojú dé látìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1995, ilẹ̀ ríri pa ènìyàn tó lé ní 6,000 ní Kobe àti agbègbè rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Aum Shinrikyo tú gáàsì olóró sínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Tokyo. Oṣù Kẹwàá ni Evangelion dé. Ìtàn ọmọ tí ẹ̀rù àwọn ènìyàn ń bà ni, ó sì bá ìlú tí ẹ̀rù ti ń bà tẹ́lẹ̀.

Apá kan ló ń jáde lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí òpin ṣe ń sún mọ́lé, àkókò ò tó wọn mọ́ láti ya ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Ìdí kan nìyẹn tí apá 25 àti 26 fi rí bí wọ́n ṣe rí. Ṣùgbọ́n àìráyè nìkan kọ́. Nígbà tí kò sí àyè láti ya ogun, ohun tó ń jẹ Anno lọ́kàn ló gbé síta.

Inú bí àwọn olólùfẹ́ eré náà gan-an. Àwọn kan kọ lẹ́tà láti yìn ín, àwọn kan bú u, àwọn kan tiẹ̀ ní àwọn máa pa á. Ẹ gbọ́ o, pa á, nítorí anime! Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 1997, òpin kejì jáde ní sinimá, The End of Evangelion. Ogun tí wọ́n bèèrè fún wà níbẹ̀, ó sì burú jáì. Gbogbo ayé yọ́ di omi. Anno fi àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí wọn hàn fìrí lójú àwòrán, ó tún fi àga sinimá tí òǹwòran ń jókòó lé hàn. Ní ìparí, Shinji àti Asuka nìkan ló kù létí òkun pupa. Ó fún un lọ́rùn, Asuka fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Àwọn tó ní wọn ò rí òpin gidi rí èyí tí wọn ò lè gbàgbé.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀, Khara, sílẹ̀ ní 2006. Fíìmù mẹ́ta jáde ní 2007, 2009 àti 2012. Lẹ́yìn ìkẹta, ìrẹ̀wẹ̀sì yẹn tún padà wá. Kòrónà mú kí wọ́n sún ìkẹrin síwájú lẹ́ẹ̀mejì, kó tó wá jáde ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2021. Ó pa ju bílíọ̀nù 10 owó yen lọ.

Nínú èyí, Shinji ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn tó yọ nínú ewu gbà á sí abúlé kan tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó dákẹ́ títí á fi lè dìde. Nígbà tó dìde, òun àti bàbá rẹ̀ jókòó sọ̀rọ̀. Ó dágbére fún oníkálukú. Ó wá di àgbà, ó sáré jáde ní ibùdókọ̀ ojú irin Ube-Shinkawa, ní ìlú tí wọ́n bí Anno sí gan-an.

Inú wa dùn. Ó sì tún dùn wá, torí a mọ̀ pé kò ní padà wá mọ́.

Ẹni tó dákẹ́ lọ́jọ́sí ni inú rẹ̀ ò dùn rárá. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe tòun. Ọdún tí a jọ wo apá 26 yẹn ló pa ilé ìwé tì, tí kì í jáde nínú yàrá mọ́. A ò mọ bó ṣe le tó. A rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó sọ fún wa pé, "Gbogbo yín ń sọ pé kí n dìde. Eré yẹn nìkan ló bi mí pé kí ló ń ṣe mí." Ojú tì wá. Òpin tí a pòṣé sí lójú rẹ̀ ló dì mú.

Ṣé ó wá tó kí á ní apá 26 dára? Rárá o. Ó jẹ wá ní gbèsè. Ẹni tó bá fi oṣù mẹ́fà tẹ̀lé ìtàn lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ibi tí Asuka wọlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n bíbéèrè yàtọ̀ sí híhalẹ̀ mọ́ ènìyàn. A sì rò pé Anno ò lè dé abúlé onírẹsì yẹn ní 2021 ká ní kò jókòó lórí àga yẹn ní 1996. Ìgbà tí ara rẹ̀ ò yá, ó sọ bí kò ṣe yá. Ìgbà tí inú ń bí i, ó sọ ọ́. Ìgbà tí ara ń mókun bọ̀, ó sọ ìyẹn náà.

Nínú àlọ́ tiwa, apàlọ́ a máa jẹ́ kí agogo ẹnu òun ró lẹ́ẹ̀mẹ́ta níparí, kí á lè mọ̀ pé kò purọ́. Ti Anno ró ní 1996, ó ró ní 1997, ó ró ní 2021. Ọdún 25 ló gbà á.

Ọ̀rẹ́ wa ti padà sílé ìwé. Bí a bá jókòó báyìí, àwa mẹ́ta á ní fíìmù 2021 la fẹ́ wò, òun á ní apá 26 ni. A ò tíì fohùn ṣọ̀kan. A kàn ń wo méjèèjì, a ò sì pòṣé mọ́.