Orísun Ìtànṣán Mẹ́ta àti Eku Inú Yàrá Ìwádìí

Bí obìnrin kan bá ra gàrí kóńgò kan ní ọjà ìlú rẹ̀, tí ó sì tún ra kóńgò kan ní ọjà ìlú mìíràn, orúkọ òṣùwọ̀n méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá délé tí ó dà wọ́n sílẹ̀, ó lè rí i pé èkíní ju èkejì lọ. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ìtàn ọjà. Ìtàn àwọn amòye ni, tí wọ́n ń tan ìtànṣán sí ara eku, ehoro àti ajá, kí wọ́n lè mọ ohun tí irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ yóò ṣe lára ènìyàn. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí wọ́n ti ń ṣe é, oríṣi orísun mẹ́ta ni wọ́n sì ti lò. Ìbéèrè kan ni kò fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀: bí ìwọ̀n bá dọ́gba tí orísun sì yàtọ̀, iṣẹ́ kan náà ha ni ìtànṣán náà ń ṣe bí?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wilhelm Röntgen ni ó ṣí ilẹ̀kùn náà, ní ìlú Würzburg ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1895. Ó ń rán agbára mànàmáná gba inú ìgò kan tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ó fi páálí dúdú bo ìgò náà, kò sì sí ìmọ́lẹ̀ kan tí ó lè yọ. Síbẹ̀ ó rí i pé páálí mìíràn tí a kùn ní oògùn, tí ó wà níwájú díẹ̀, ń tàn nínú òkùnkùn. Nítorí tí kò mọ ohun tí ìtànṣán náà jẹ́, ó sọ ọ́ ní X, èyí tí àwọn oníṣirò fi ń dúró fún ohun tí a kò tíì mọ̀. Ayọ̀ gbòde. Àwọn tí ń lò ó kò tilẹ̀ bẹ̀rù rẹ̀. Ọwọ́ wọn bó, irun wọn re, àwọn mìíràn sì ti ipa rẹ̀ kú.

Nígbà náà ni a kọjú sí ẹranko. Ní ọdún 1903, Albers-Schönberg ti ìlú Hamburg fi hàn pé akọ ehoro tí a tan ìtànṣán X sí lára kò lè bímọ mọ́, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dá ṣáṣá lójú ẹni tí ń wò ó. Ní ọdún kan náà, Heineke, oníṣẹ́ abẹ kan ní ìlú Leipzig, tan án sí eku. Àwọn eku náà kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí ó sì la inú wọn, ó rí i pé ọlọ inú wọn àti mùdùnmúdùn egungun wọn, níbi tí ẹ̀jẹ̀ gbé ń wá, ni ó kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ mùdùnmúdùn yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà kàn án.

Orísun kejì ni radium, tí Pierre Curie àti aya rẹ̀ Marie rí ní ọdún 1898. Kò béèrè mànàmáná rárá. Fúnra rẹ̀ ni ó ń tàn, lọ́sàn-án àti lóru. Ní ọdún 1904 Pierre Curie àti àwọn oníṣègùn méjì, Bouchard àti Balthazard, fi eku sínú ìgò tí afẹ́fẹ́ tí ń ti ara radium jáde kún inú rẹ̀, àwọn eku náà sì kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ṣùgbọ́n radium ṣọ̀wọ́n ju wúrà lọ. Nígbà tí àwọn obìnrin Amẹ́ríkà fi gíráàmù kan péré ta Marie Curie lọ́rẹ ní ọdún 1921, ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là, èyíinì ni dọ́là 100,000, ni owó rẹ̀. Ta ni yóò fi irú ohun bẹ́ẹ̀ ṣòfò lórí agbo eku? Nítorí náà ìgò Röntgen ni ó gba ipò, pàápàá láti ọdún 1913 tí Coolidge ará Amẹ́ríkà ti ṣe irú èyí tí kì í yí ìwà padà láti òní di ọ̀la bí ti ìṣáájú. Ìtànṣán X ni Muller tàn sí kantíkantí ní ìpínlẹ̀ Texas, tí ó sì fi hàn ní ọdún 1927 pé ó ń yí ohun tí òbí fi ń jogún fún ọmọ padà.

Títí di ìgbà náà, pípọ́n awọ ara ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn fi ń mọ bí ìtànṣán ti pọ̀ tó. Òṣùwọ̀n wo ni èyí? Awọ ẹnìkan kò rí bí ti ẹnìkejì. Ní ọdún 1928, ní ìlú Stockholm, gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó pé jọ fohùn ṣọ̀kan lórí òṣùwọ̀n kan tí a sọ ní orúkọ Röntgen. Èyí tí a ń lò ní ìsinsìnyí, gray, dé ní ọdún 1975.

Orísun kẹta ti inú iná átọ́míìkì jáde. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, cobalt-60 àti caesium-137 di ohun tí a lè ṣe ní ọ̀pọ̀lọpọ̀, ìtànṣán gamma tí ń ti ara wọn jáde sì wọ ara ju ìtànṣán X lọ. Àkókò náà gan-an ni ọ̀rọ̀ mùdùnmúdùn tún jí dìde. Ní ọdún 1949 Leon Jacobson ní Chicago fi òjé bo ọlọ inú eku nígbà tí ó ń tan ìtànṣán sí ìyókù ara wọn. Àwọn tí ó yẹ kí wọ́n kú sì yè. Ní ọdún 1951 Lorenz àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ fún eku ní mùdùnmúdùn ẹlòmíràn, wọ́n yè pẹ̀lú. Láti ara iṣẹ́ báyìí ni ìwòsàn àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ nípa pípààrọ̀ mùdùnmúdùn ti wá, èyí tí Donnall Thomas, tí ó ti fi ajá ṣe ìwádìí, gba ẹ̀bùn Nobel fún ní ọdún 1990. Èmi kò lè rántí àwọn tí a ti wòsàn kí n má rántí àwọn eku àti ajá náà.

Nínú gbogbo orísun wọ̀nyí, caesium ni àwọn yàrá ìwádìí fẹ́ràn jù. Ẹ gbé e wo: cobalt ń pàdánù ìdajì agbára rẹ̀ ní ọdún márùn-ún àti oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n ti caesium tó ọgbọ̀n ọdún. Inú àpótí òjé ni ó ń gbé. A kan fi eku sínú rẹ̀, a ka ìṣẹ́jú, ó parí. Kò béèrè mànàmáná púpọ̀, kò sì béèrè ọlọ́gbọ́n tí yóò máa tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yinná tí a kò lè pa ni. Ìyẹ̀fun bí iyọ̀ ni, ó sì ń yọ́ nínú omi bí iyọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, ní ìlú Goiânia ní ilẹ̀ Brazil, àwọn ènìyàn gbé ẹ̀rọ ìwòsàn kan tí a ti pa tì, wọ́n tú u, wọ́n sì rí ìyẹ̀fun tí ń tàn ní àwọ̀ búlúù lóru. Wọ́n pín in fún ará àti ọ̀rẹ́. Ènìyàn 249 ni ó kó o sára; mẹ́rin kú, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà. Ní ọdún 2008, ìgbìmọ̀ àwọn amòye ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn pé kí a fi ohun mìíràn rọ́pò irú caesium bẹ́ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, ní Seattle, nígbà tí a ń múra láti gbé irú àpótí ìwádìí bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ilé, caesium inú rẹ̀ tú jáde, ènìyàn 13 kó o sára, a sì ti ilé náà pa fún ìgbà pípẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí ṣe ń padà sí ọ̀dọ̀ ìgò Röntgen, fìtílà tí a lè pa nígbà tí iṣẹ́ bá tán. Èmi gbà pé wọ́n ṣe ohun tí ó tọ́. Síbẹ̀ ìpadàbọ̀ náà kò rọrùn, ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ kóńgò wa ti wọlé. Agbára ìtànṣán caesium jẹ́ electron-volt 662,000, gbogbo rẹ̀ bákan náà. Ti ìgò tí a fi volt 160,000 ṣiṣẹ́ kò lè ju 160,000 lọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì kéré sí i jìnnà. Èyí tí kò lágbára nínú rẹ̀ ń dúró sí awọ ara, kò sì dé inú; nítorí náà a máa ń fi pẹlẹbẹ bàbà tàbí alumíníọ̀mù sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti sẹ́ ẹ, bí a ti ń sẹ́ ògì. Egungun pẹ̀lú, nítorí ohun bí ẹfun tí ó wà nínú rẹ̀, ń gba ìtànṣán X ju ẹran ara lọ ní ìlọ́po, inú egungun sì ni mùdùnmúdùn wà. Àwọn tí ó ti fi méjèèjì wé ara wọn rí i pé, bí ìwọ̀n bá dọ́gba, iṣẹ́ tí gamma ń ṣe lára eku dín díẹ̀ sí ti ìtànṣán X, nígbà púpọ̀ ní bí ìdá kan nínú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá mú nọ́ńbà tí ó ti ń lò fún caesium láti ogún ọdún wá, tí ó sì fi í sórí ẹ̀rọ tuntun, lè pa eku tí ó yẹ kí ó yè, kí ó sì rò pé oògùn tí òun ń dán wò ni ó pa á.

Irú eku pàápàá ń dá sí i: àwọn funfun tí a ń pè ní BALB/c kò lè fara da ohun tí àwọn dúdú C57BL/6 ń fara dà. Nítorí náà àwọn olùwádìí tí ó mọ iṣẹ́ wọn kì í gbé àpótí àtijọ́ jáde ní ọjọ́ tí tuntun wọlé. Wọ́n ń gbé méjèèjì kalẹ̀ pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń fi ohun ìwọ̀n sínú àwòrán eku tí a fi ike ṣe, wọ́n sì ń tún nọ́ńbà wọn wá láti ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, fún irú eku kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ní.