Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Kámẹ́rà, Ọlọ́pàá àti Aláwọ̀ Dúdú ní Amẹ́ríkà

Ní òru ọjọ́ kẹta, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1991, ariwo ọlọ́pàá jí George Holliday lójú oorun ní ìlú Los Angeles. Iṣẹ́ ẹ̀rọ omi ni ọkùnrin náà ń ṣe. Ó gbé kámẹ́rà fídíò rẹ̀ jáde sí bákónì, ó sì ya ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní òdìkejì títì: àwọn ọlọ́pàá ń fi kóńdó lu Rodney King, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti fi ọkọ̀ lé títí tí ó fi dúró.

Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ẹnu ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Ọlọ́pàá yóò sọ tirẹ̀, aláwọ̀ dúdú yóò sọ tirẹ̀, ti ọlọ́pàá ni wọn yóò sì gbà gbọ́. Holliday gbé fídíò náà lọ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn KTLA, ó sì kárí ayé. Yorùbá ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Àwọn ènìyàn ti fojú ba á, ọ̀pọ̀ sì rò pé ẹjọ́ ti parí kí kóòtù tó jókòó.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n gbé ẹjọ́ àwọn ọlọ́pàá mẹ́rin náà kúrò ní Los Angeles lọ sí Simi Valley. Nínú àwọn ará ìlú 12 tí wọ́n yàn láti dá a, kò sí aláwọ̀ dúdú kankan. Àwọn agbẹjọ́rò ọlọ́pàá kò sá fún fídíò náà. Ohun tí wọ́n ṣe gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n rọra ń fi í hàn díẹ̀díẹ̀, àwòrán kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n sì ń wá àlàyé fún kóńdó kọ̀ọ̀kan. Bí King bá mira nílẹ̀, wọ́n ní ó fẹ́ dìde kọjú ìjà sí ọlọ́pàá ni. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe é tán, ìyà tí gbogbo ayé rí ti di iṣẹ́ tí ọlọ́pàá ń ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ní ọjọ́ 29, oṣù Igbe, ọdún 1992, wọ́n dá wọn láre. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni ẹnu wọn kò kò lé lórí. Los Angeles gbiná. Ó lé ní 50 ènìyàn tó kú.

Ní ọdún 1993, kóòtù ìjọba àpapọ̀ wo ọ̀rọ̀ náà, ó sì rán méjì nínú wọn lọ sẹ́wọ̀n oṣù 30. Fídíò kan náà ni o.

Lẹ́yìn tí ọlọ́pàá yìnbọn pa Michael Brown ní Ferguson ní ọdún 2014, láìsí fídíò ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ìjọba Obama ní kí wọ́n ná mílíọ̀nù 75 dọ́là sí kámẹ́rà tí ọlọ́pàá yóò máa gbé sáyà. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára ọlọ́pàá tó lé ní 2,000 ní Washington, àbájáde rẹ̀ ní ọdún 2017 fi hàn pé lílo ipá wọn kò yí padà lọ́nà tó ṣe é tọ́ka sí. Kò yani lẹ́nu: lọ́wọ́ ọlọ́pàá ni kámẹ́rà náà wà.

Ní ọjọ́ 25, oṣù Èbìbì, ọdún 2020, George Floyd kú ní Minneapolis. Àtẹ̀jáde tí àwọn ọlọ́pàá kọ́kọ́ gbé síta sọ pé àìsàn ló ṣe ọkùnrin náà nígbà tí wọ́n ń mú un. Kò mẹ́nu kan orúnkún Derek Chauvin tó wà lọ́rùn rẹ̀ fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Fóònù Darnella Frazier, ọmọ ọdún 17, ló tú àṣírí náà. Àwọn ọlọ́pàá náà gbé kámẹ́rà sáyà, ṣùgbọ́n kì í ṣe fídíò tiwọn ni ayé kọ́kọ́ rí.

Nígbà tí ẹjọ́ Chauvin dé kóòtù, àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ náà sọ pé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ Simi Valley ni wọ́n tún gbé dé. Ṣùgbọ́n Medaria Arradondo, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá Minneapolis, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò náà, dìde fúnra rẹ̀ láti jẹ́rìí pé ẹnikẹ́ni kò kọ́ Chauvin ní ohun tó ṣe yẹn. Ní ọjọ́ 20, oṣù Igbe, ọdún 2021, àwọn ará ìlú 12 dá a lẹ́bi lórí ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.