Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Wọ Àárín Olùrà àti Olùpèsè

Wàhálà ìwé ló bí ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ń rajà lọ́wọ́ olùpèsè lónìí. Lóṣù kẹfà ọdún 1948, ìjọba Soviet dí ọ̀nà ilẹ̀ àti ti omi tó wọ ìwọ̀-oòrùn Berlin, ni Amẹ́ríkà àti Bìrìtéènì bá ń fi bàálù kó oúnjẹ àti èédú lọ fún àwọn ará ìlú. Ẹrù ń wọlé tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n ìwé ẹrù kò dọ́gba: èdè yàtọ̀, ọ̀nà ìkọ̀wé yàtọ̀, iye ẹ̀dà pàápàá yàtọ̀. Edward Guilbert, sójà Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe ìwé ẹrù kan ṣoṣo tí wọ́n lè fi tẹ́lẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ tàbí kí wọ́n kà á lórí fóònù. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé àwọn èèyàn ti fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa kọ ìwé kí kọ̀ǹpútà tó dá sí i.

Lẹ́yìn iṣẹ́ ológun, Guilbert gbé ọgbọ́n náà lọ sí ilé iṣẹ́ DuPont. Nígbà tó di 1979, àjọ ANSI tó ń rí sí ìlànà ní Amẹ́ríkà gbé ìgbìmọ̀ X12 kalẹ̀ láti ṣe ìlànà kan fún ìwé òwò tí kọ̀ǹpútà ń fi ránṣẹ́ síra wọn níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà olùrà wá ń bá ti olùpèsè sọ̀rọ̀ ní tààrà, àmọ́ owó rẹ̀ pọ̀; agbára ọ̀pọ̀ olùpèsè kékeré kò ká a.

Íntánẹ́ẹ̀tì ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Lọ́dún 1996 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Ariba sílẹ̀ ní California: òṣìṣẹ́ á yan ohun tó fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀gá á fọwọ́ sí i, àṣẹ ọjà á sì lọ bá olùpèsè. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, Glen Meakem àti Sam Kinney ti bẹ̀rẹ̀ FreeMarkets, ilé iṣẹ́ gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní Pittsburgh. Gbàǹjo tiwọn yàtọ̀: olùrà á sọ ohun tó ń wá, àwọn olùpèsè á máa já owó wálẹ̀ títí àkókò á fi pé. Olùrà jèrè púpọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbà pé gbàǹjo yẹn ń pa òwò lára, torí olùpèsè tó dúró tini nígbà ọ̀wọ́n àti àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á di ọgbọọgba lójú ẹ̀rọ.

Ariba ra FreeMarkets lọ́dún 2004. Àwọn ètò tó tẹ̀ lé e kò fi iye owó nìkan ṣe ìwọ̀n mọ́: wọ́n ń kọ ọjọ́ tí ọjà dé sílẹ̀, àti àléébù rẹ̀, àti àdéhùn tó wà láàárín olùrà àti olùpèsè. Lọ́dún 2012, ilé iṣẹ́ SAP ti Jámánì fi nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 dọ́là ra Ariba. Olùpèsè kékeré lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Olùpèsè tí òwò rẹ̀ níbẹ̀ bá pọ̀ ló ń sanwó fún un.